Ewé Ìwé Tí Mo Rán Mọ́ Inú Kóòtù

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní ọdún 2024, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mò ń rán síìpù mọ́ ẹ̀yìn gáùn kan lọ́wọ́ nígbà tó já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò tiẹ̀ ráyè kí mi.

"Àǹtí mi, ẹ fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀. A ń lọ!"

"À ń lọ síbo?"

"Òkè òkun! Ọgbà ìṣeré ńlá tí Bọ́tìnì máa ń wò lórí fóònù ṣáá. Ilé iṣẹ́ wa ló ń rán wa lọ."

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, ẹ̀bùn tí wọ́n sì ń fún ẹni tó bá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìrìn-àjò ọjọ́ márùn-ún fún ẹni mẹ́ta.

"Èmi, ọmọ mi, àti ẹni tó bá mi tọ́ ọmọ mi," ó wí.

"Ta wá nìyẹn?" mo bi í, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ maṣíìnì yín."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo kọ ẹ̀rín yẹn sílẹ̀ nítorí pé òun ni mo rín kẹ́yìn tí ẹ̀rù ò sí nínú rẹ̀, fún bí ìdajì ọdún.

Ọmọ àbúrò mi ni Bọ́tìnì, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rákò. Ibi tí bọ́tìnì kan bá yí gbirigbiri lọ, ibẹ̀ la ti máa bá a. Láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta títí ó fi pé mẹ́fà, ọ̀dọ̀ mi ló gbé, torí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wọn ní ìlú mìíràn. Màmá Abẹ́rẹ́ ló máa ń pè mí.

Mi ò kàwé jìnnà. Ara páálí tí wọ́n fi ń di òwú àti ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo ti kọ́ ara mi ní kíkọ. Nígbà tí ọjọ́ orí ìyá wa ń lọ sókè, tí wọ́n ń gbàgbé nǹkan, mo ra ogún abala bébà ńlá, mo ṣẹ́ wọn po sí méjì, mo fi òwú líle rán àárín wọn, ó di ìwé. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀, mo ti kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ìwé, láti ení dé ọgọ́rin.

Ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó kú, eyín àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé yẹn. Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹbí wa, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ẹ lọ wo ìwé." Bí wọ́n bá ti wò ó, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi mú fọ́ọ̀mù kan wá. Ọgbà ìṣeré náà ló fi ránṣẹ́. Ó jókòó síwájú mi, ó ń bó ọsàn.

"Ẹ bá mi kọ ọ́, Àǹtí mi. Ẹ̀yin lẹ ni ìwé."

Ìbéèrè kìíní dé ìkẹfà kò le. Báwo ni ọmọ ṣe ga tó? Ṣé ojú rẹ̀ ríran dáadáa? Ṣé ó ní egungun tó ti kán rí? Mo ń kọ, òun ń jẹ ọsàn.

Mo dé ìkeje. *Ǹjẹ́ ọmọ yìí ti dákú rí, tàbí kí dókítà ti ní kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò rí?* Àpótí kékeré méjì ló wà níwájú rẹ̀: Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá.

Mo gbé bírò kúrò lórí bébà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà ní ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta nínú ìwé mi fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Bọ́tìnì nígbà náà. Òun àti àwọn ọmọ tó kù ń sáré nínú àgbàlá, ni táyà kẹ̀kẹ́ kan bá bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbòà! Bọ́tìnì ṣubú lulẹ̀ bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn. Ètè rẹ̀ dúdú. Mo ń ka iye ìṣẹ́jú-àáyá sókè bí ẹni tó ń ṣe wèrè. Mo ka ogójì kó tó mí.

Mo gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà fi ohun èlò gbọ́ àyà rẹ̀, ó gbọ́ ọ pẹ́.

"Àwọn ọmọ kan wà," ó wí, "tí ìjayà òjijì máa ń da bí ọkàn wọn ṣe ń lù rú. Ẹ mú un padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ká fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ sì sọ fún ìyá rẹ̀."

Mi ò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Aṣọ ìyàwó kan àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́kànlá wà lọ́rùn mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó di oṣù, ọmọ ń sáré, ọmọ ń jẹun. Ká sòótọ́, aṣọ kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí pé àbúrò mi á wá gbé ọmọ rẹ̀ lọ, á sì máa sọ káàkiri pé èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ fún. Mi ò bímọ. Bọ́tìnì ni mo ní.

Lẹ́yìn oṣù méje, ẹnì kan ti ilẹ̀kùn onírin wa gbàgà, ọmọ tún ṣubú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ka mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyẹn wà ní ojú ìwé kejìlélọ́gọ́ta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ délẹ̀délẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Mo fi òótọ́ síbi tí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa kà á.

"Ìkeje ńkọ́?" àbúrò mi bi mí.

"Mò ń rò ó."

"Kí lẹ ń rò níbẹ̀? Ọmọ tó ń sáré bí ẹṣin!"

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí kò ti ṣubú mọ́. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Mo tún rí bàálù tí mi ò wọ̀ rí lójú inú mi, mo rí ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀. Mo fàmì sí Rárá.

Àbúrò mi nu ọwọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, kò tiẹ̀ kà á.

"Ó ku ti físà," ó wí. "Wọ́n ń béèrè ọjọ́ ìbí Màmá wa àti ọjọ́ tí wọ́n kú. Bọ́tìnì á wá lọ́jọ́ Sátidé, á dà á kọ nínú ìwé."

Bọ́tìnì kì í ka ojú ìwé kan ṣoṣo. Bó bá ti gbé ìwé yẹn, á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo mú abẹ tí mo fi ń tú rírán, mo gé ewé tí ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta àti ìkejìlélọ́gọ́ta wà kúrò. Bí mo ṣe gbé ìwé náà sókè, ewé mìíràn já bọ́ sí itan mi.

Èmi tí mo fọwọ́ ara mi rán an, mo gbàgbé pé abala bébà kan ló di ewé méjì. Bí a bá gé ọ̀kan, èkejì ò ní ohun tó dì í mú mọ́. Ewé tó já bọ́ ni ti ojú ìwé kọkàndínlógún àti ogún, níbi tí mo kọ ikú ìyá wa sí. Mo kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn síbẹ̀. Kì í ṣe àdúrà, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Wọ́n ní, "Ẹ pa fèrèsé yẹn dé, atẹ́gùn ń wọlé."

Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ewé ìyá wa padà. Mo wá ṣáná sí èkejì. Iná jó títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìka mi, mi ò lè fi kan bébà náà. Mi ò jó ohun tí mo bá ti kọ rí láyé mi.

Kóòtù tí mò ń rán fún ara mi fún ìrìn-àjò náà wà lórí tábìlì, torí wọ́n ní òtútù ń mú níbẹ̀. Mo ṣẹ́ ewé náà po, mo fi sáàárín kóòtù àti aṣọ inú rẹ̀, lápá òsì, mo rán ojú rẹ̀ pa.

Bọ́tìnì dé lọ́jọ́ Sátidé. Ó dà á kọ tán, kò dìde. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. Gbogbo ewé tó bá ṣí, mò ń kà á lọ́kàn.

"Màmá Abẹ́rẹ́, ọgọ́ta tán, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló kàn."

"Mo ṣì í kà ni."

"Ẹ̀yin?" Ó wò mí. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Ìwọ ọmọ yìí, dìde, lọ fọwọ́, ká jẹun."

Ó lọ fọwọ́. Kò béèrè mọ́. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Ọkùnrin kan ló ń bá wa ṣètò ìrìn-àjò náà. Kò-séwu là ń pè é láàárín ara wa, torí ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Mo dá lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ nínú oṣù Kẹta. Yàrá kékeré ni, fáànù kan ń rọ́ gììrì lókè, bàálù onírọ́bà wà lórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí ohun tí ọmọ wa fẹ́ gùn," mo wí.

"Kò séwu, Màmá." Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi.

Bọ́tìnì ti fún un lórúkọ tirẹ̀: Ajábọ́. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n so mọ́ra ni, lórí irin. Wọ́n rọra gun òkè kan tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, wọ́n dúró lókè díẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ já wálẹ̀ ṣòòròṣò. Ariwo tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà pa jáde nínú kọ̀ǹpútà pọ̀ débi pé mo di tábìlì mú.

"Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń ṣe ségesège ńkọ́, tó bá gun nǹkan yìí?"

"Há, wọn ò ní jẹ́ kó gùn ún. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń béèrè nínú fọ́ọ̀mù." Ó wá fọ́ọ̀mù Bọ́tìnì jáde, ó fi ìka sí ìkeje. "Ẹ̀yin kọ Rárá. Kò séwu, Màmá."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ maṣíìnì ni mò ń tẹ̀ o, ariwo yẹn ni mò ń gbọ́. Bí ìkòkò bá bọ́ nílé aládùúgbò, màá fò dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọmọ lọ́wọ́ kò.

"Bọ́tìnì, ṣé dandan ni Ajábọ́? Ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń yí ọgbà ká wà níbẹ̀ o, ó dára."

"Màmá Abẹ́rẹ́, ti àwọn ọmọ ọwọ́ nìyẹn! Torí Ajábọ́ ni mo ṣe ń lọ."

"Bó bá já sílẹ̀ ńkọ́?"

"Á já sílẹ̀ náà ni. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, Àǹtí mi. Ẹ̀yin lẹ̀rù ń bà."

Òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ wo ni mi ò la ẹnu láti sọ fún un? Màá la ẹnu, ọ̀rọ̀ mìíràn á jáde. Màá bi í bóyá ó ti ra ọṣẹ ìfọyín.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù Kẹrin, mo gbé kóòtù lọ sílé wọn kí wọ́n lè rí i. Ọ̀sán gangan ni. Bọ́tìnì àti ìyá rẹ̀ ti to àga méjì tẹ̀ lé ara wọn ní pálọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi! À ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun Ajábọ́. Ẹ wọ kóòtù yín, ẹ wá jókòó, òtútù ti dé!"

Mo wọ̀ ọ́. Mo jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bọ́tìnì wà lórí àga iwájú, ìyá rẹ̀ di ẹ̀yìn àga náà mú, ó ń rọra dà á sẹ́yìn.

"À ń gùnkè o… à ń gùnkè… a ti dé òkè!"

"Ẹ rọra," mo wí.

"Já bọ́!" Ó ti àga síwájú. Bọ́tìnì figbe ta, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i, Mọ́mì! Èyí ò dẹ́rù bà mí."

"Ó dẹ̀ ń ṣe fáàrí! Ó dáa, di ojú rẹ."

Bọ́tìnì di ojú. Mo rí i tí ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú abọ́ onírin kan àti ṣíbí. Mo dìde. Mi ò tíì la ẹnu tán tó fi lù ú létí ọmọ náà, gbàgà!

Bọ́tìnì kò figbe ta. Orí rẹ̀ rọ̀. Ó yọ́ kúrò lórí àga bí aṣọ.

"Bọ́tìnì? Ó tó, dìde. Mo ní ó tó!"

Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Má gbé e sókè! Jẹ́ kó dùbúlẹ̀! Gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àga!" Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè. Ení, èjì, ẹ̀ta. Àbúrò mi ń pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀. Mo ka ogún. Mo ka ọgbọ̀n. Ètè ọmọ ti dúdú. Mo ka ogójì, mo kọjá ogójì, mi ò mọ nọ́ńbà kankan mọ́ láyé.

Bọ́tìnì mí. Ó mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú rẹ̀ là.

Àbúrò mi wà lórí eékún, abọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wò mí.

"Báwo lẹ ṣe mọ ohun tí wọ́n ń ṣe?"

"Ṣé… ebi ni. Bóyá ebi ló ń pa á."

"Kí lẹ wá ń kà?"

Bọ́tìnì yí orí díẹ̀, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ apá òsì kóòtù mi.

"Màmá Abẹ́rẹ́," ó wí pẹ̀lú ohùn tó ti rẹ̀, "nǹkan ń dún nínú kóòtù yín. Ó ń dún bíi bébà."

Àbúrò mi na ọwọ́, ó tẹ ibẹ̀. Ó dún.

Mo lè parọ́. Mo ní òmíràn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ń wò mí láti ilẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí mi ò mọ̀ dé. Mo yọ abẹ tí kì í kúrò nínú báàgì mi, mo tú rírán náà lójú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fa ewé náà yọ, mo nà án sí àbúrò mi.

Ó kà á sókè. Táyà kẹ̀kẹ́. Ogójì. Dókítà. *Kí ẹ sì sọ fún ìyá rẹ̀.* Níbẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti já. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ka ti ilẹ̀kùn onírin. Nígbà tó parí, kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Èmi ni ǹ bá gbé e jókòó síbẹ̀," ó wí. "Èmi fúnra mi. Èmi ni ǹ bá so bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà."

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́…"

"Ẹ má pè mí."

A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Wọ́n lẹ àwọn wáyà tín-ínrín mọ́ ọn láyà, ohun tó yẹ kí n ti ṣe fún un ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.

Ní ọjọ́ kẹta, dókítà pè wá jókòó. Ó ní wọ́n bí àìsàn náà mọ́ ọn ni, oògùn rẹ̀ wà, á máa lò ó láràárọ̀. Ó ní kó má ṣe gun ohunkóhun tó ń já èèyàn láyà. Àbúrò mi ṣàlàyé Ajábọ́ fún un.

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ dúpẹ́ pé abọ́ àti ṣíbí ni," ó wí.

Àbúrò mi lọ sí ọ́fíìsì Kò-séwu láti lọ yí fọ́ọ̀mù náà padà. Wọ́n ní bí ọkùnrin náà ṣe ní kò séwu, àbúrò mi fi ọwọ́ lu tábìlì títí bàálù onírọ́bà fi ṣubú. "Ewu wà!" ó wí. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewu wà!"

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó. "Dókítà ní a lè lọ, bí Bọ́tìnì bá ti lè wà nílẹ̀, tó sì ń lo oògùn rẹ̀. Ẹ ò ní bá wa lọ. Ẹ gbé ìwé yẹn fún mi."

Mo gbé e fún un. Wọ́n lọ ní Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà. Ọjọ́ márùn-ún gbáko, bí fóònù bá dún, ọkàn mi á dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ̀wé sí mi: "A ti dé. Ó ti lo oògùn rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, èmi ò mọ ohun tí ẹ gbé pa mọ́ nílé tiyín. Mo kàn mọ̀ pé èmi ò purọ́ fún ìwé mi rí. Èèyàn ni mo purọ́ fún. Mo rò pé bí mo bá ti kọ nǹkan sílẹ̀, mo ti sọ ọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ọmọ.

Lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n dé, wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀. Bọ́tìnì ló gbé ìwé náà mọ́yà. Àbúrò mi yọ ewé tí mo gé nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí maṣíìnì mi.

"Ẹ rán an padà. Òwú pupa ni kí ẹ lò, kó hàn."

Ọwọ́ ni mo fi rán an. Mo tú gọ́ọ̀mù lára ewé ìyá wa, mo so àwọn méjèèjì pọ̀ láàárín. Òwú pupa náà hàn bí ojú egbò. Mo ta á ní kókó, mo gé òwú.

"Ẹ kọ tèmi náà," Bọ́tìnì wí. Ó ṣí ojú ìwé tó kàn, ó ń pè é, mo ń kọ ọ́: *Bọ́tìnì kò gun Ajábọ́. Ó dúró sísàlẹ̀, ó di Mọ́mì mú, ó bá àwọn tó wà lókè pariwo. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin àwọn ọmọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò dára púpọ̀.*

"Ẹ má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn," ó wí.

"Mi ò ní yọ nǹkan kan."

Àbúrò mi ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Aṣọ tí mo gbé kọ́ ń mì.

"Àǹtí mi," ó wí. Oṣù mẹ́ta ni kò ti pè mí bẹ́ẹ̀. "Ẹ pa fèrèsé yẹn dé, atẹ́gùn ń wọlé."

Ọ̀rọ̀ ìyá wa ni. Mo dìde, mo pa á dé. Mo padà sídìí ìwé, mo kọ ọjọ́ náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 2024.